Wọ́n ní kí n kọ ìjábọ̀ ọdún ẹ̀ka wa: kí la tiẹ̀ ṣe gan-an?

#1 Abẹ̀kẹ́_Ìlá · Ọjọ́ Ajé, 9:14 òwúrọ̀

Ẹ kú òwúrọ̀ o. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níbí, mo kúnlẹ̀ kí yín.

Èmi ni igbákejì akọ̀wé ní ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka ẹgbẹ́ àwa ayàwòrán-ilé ní Òkè Ọya níbí. N kò ní sọ ẹ̀ka wo, torí mo ṣì fẹ́ máa lọ sípàdé. Ìpàdé gbogboogbò ọdún yìí ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Akọ̀wé àgbà wa ti bá iṣẹ́ lọ sí Sokoto, ló bá gbé ẹrù rẹ̀ lé mi lórí: "Abẹ̀kẹ́, bá wa kọ ìjábọ̀ ọdún." Mo ní, kí ló le níbẹ̀? Mo jókòó lálẹ́ àná, mo yẹ gbogbo ohun tí a ti gbé sórí WhatsApp ẹ̀ka wò láti oṣù kìn-ín-ní.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìbẹ̀wò ni. A bẹ kọmíṣánnà wò. A bẹ ọ́fíìsì tó ń fọwọ́ sí pláànù wò. A lọ sí ààfin, a lọ sí ilé iṣẹ́ tó ń ta táìlì, a tún padà sọ́dọ̀ kọmíṣánnà torí wọ́n ti yí ti àkọ́kọ́ padà. Fótò kan náà ni níbi gbogbo: a tò bí ọmọ iléèwé, alága na àwo gíláàsì sí ẹnì kan, gbogbo wa ń ṣẹ́jú sí oòrùn. Sẹ́mínà méjì wà níbẹ̀ tí a fi ń kó máàkì ẹ̀kọ́ ọdọọdún tí kì í jẹ́ kí orúkọ ẹni ṣẹ́ kù sẹ́yìn. Ọ̀kan nínú méjèèjì, ilé iṣẹ́ ọ̀dà ló wá polówó ọ̀dà rẹ̀ láti aago mẹ́wàá títí ọ̀sán fi pọ́n. Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹwàá, tí gbogbo ayé fi ń ṣọdún iṣẹ́ wa, a dé fìlà funfun, a rìn yíká ìlú. Lẹ́yìn ìyẹn, àpèjẹ.

Bí màmá mi ní Ìlá bá ní kí n wá ṣàlàyé ohun tí ẹgbẹ́ yìí ń fi owó mi ṣe, kí ni màá sọ? Ẹ gbà mí. Ká ní ẹ̀yin lẹ máa kọ ìjábọ̀ yìí, kí lẹ máa kọ síbẹ̀ tí ojú kò ní tì yín?

#2 PPE_Ẹlẹ́ẹ̀kẹta · 9:31

Kọ ọ́ síbẹ̀ pé a jẹ ìrẹsì, adìẹ kò kárí.

#3 Ìyá_Ìbejì_Lugbe · 9:50

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín o. Aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Wuse, ilé ni mò ń kọ́ ní Lugbe. Iye táìlì ni mo wá wò níbí. Ṣé ẹ̀yin náà ní ẹgbẹ́ ni? Mo rò pé bíríkìlà àti awakọ̀ ló ń ní ẹgbẹ́.

#4 Bàbá_Onírúlà · 11:05

Abẹ̀kẹ́, mo kí ọ. Ohun tí o kọ pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n gbèjà ìbẹ̀wò díẹ̀, torí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ rò pé láti ọ̀run ni òǹtẹ̀ tí ẹ ń tẹ̀ sórí ìwé ti já bọ́.

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin ọdún 1960 ni wọ́n dá NIA, ẹgbẹ́ àwa ayàwòrán-ilé Nàìjíríà, sílẹ̀, òmìnira gan-an kò tíì dé. Wọn kò pọ̀. Olùwọlé Olúmúyìwá wà nínú wọn. Nígbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní rúlà àti pẹ́ńsùlù lè ní ayàwòrán-ilé lòun, kò sẹ́ni tó máa bi í. Ó di 1969 kí ìjọba ológun tó ṣe Òfin Kẹwàá, òun ló dá ARCON, àjọ tó ń tọ́jú ìwé orúkọ àwa ayàwòrán-ilé, sílẹ̀, òun ló sì sọ pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló wà láàárín méjèèjì. Ṣé o rò pé ńṣe ni wọ́n jókòó sílé, tí òfin wá bá wọn níbẹ̀?

Nígbà tí èmi dé Abuja ní 1986, pláànù ìlú ti wà nílẹ̀ láti 1979. Àwọn IPA, apètò-ìlú láti Amẹ́ríkà, ló ṣe é, Kenzo Tange ará Japan sì yàwòrán àárín ìlú. Lórí ìwé, ó rẹwà. Lójú ilẹ̀, eruku pupa ni. Èkó ni àwọn ọ̀gá ìjọba wà títí di oṣù kejìlá 1991. Àwa díẹ̀ tí a ti dé, pálọ̀ ọ̀kan nínú wa ní Garki la ti ń ṣèpàdé, iná àtùpà la sì fi ń ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá. A máa ń lọ sí ọ́fíìsì tó ń gba pláànù, a máa ń bẹ̀ wọ́n pé ẹ má gba ìwé tí kò ní orúkọ ayàwòrán-ilé lára. Wọ́n á fún wa ní mínírà, wọ́n á ní àwọn ti gbọ́. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, a ti tún dé.

Nítorí náà, ìbẹ̀wò kò burú. Ìbẹ̀wò tí a kò mú ọ̀rọ̀ lọ ló burú. Kí lẹ bá kọmíṣánnà sọ? Wá a nínú fáìlì. Ìyẹn ni kí o kọ, kì í ṣe fótò.

#5 Abẹ̀kẹ́_Ìlá · 11:40

Ẹ ṣeun, bàbá. Mo wá a. Ohun tó wà nínú fáìlì rèé, bí ó ṣe wà: "A jíròrò lórí bí àjọṣepọ̀ tó dán mọ́rán yóò ṣe wà láàárín àwa àti ọ́fíìsì yín." Ìgbà kejì náà, ọ̀rọ̀ kan náà. Wọn kò tiẹ̀ yí àmì ìdánudúró padà.

#6 Bàbá_Onírúlà · 11:43

Ó burú.

#7 Tubali_Kano · 2:20 ọ̀sán

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Abẹ̀kẹ́ àbúrò mi, mo ti ka tìẹ náà.

Sabon Gari ni wọ́n bí mi sí, obì ni bàbá mi wá tà ní Kano, kò padà sílé mọ́. Zaria ni mo ti kàwé ilé yíyà, ní yunifásítì ABU. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí àwa mẹ́rin máa ń ṣe lọ́dọọdún, tí a kò fi orúkọ ẹgbẹ́ kankan ṣe.

Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, tí ọyẹ́ kò tíì le, a máa ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ wọ inú ìlú àtijọ́, a mú téèpù lọ́wọ́, a wá ilé amọ̀ kan tí a gbọ́ pé wọ́n fẹ́ wó, a wọ̀n ọ́n. Yàrá, ògiri, òrùlé, gbogbo ẹ̀. Ẹni tó nilé á kọ́kọ́ rò pé ìjọba ló rán wa. Bó bá yá, á gbé fúrá fún wa.

Ẹ ò mọ bí ó ṣe ń rí lára mi tí mo bá dúró sínú ilé bẹ́ẹ̀. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi mọ ọ́ ń jẹ́ tubali. Kò ní igun, ó ṣe ṣóńṣó lókè bí ìdí mọ́ńgòrò, ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ ọ́, oòrùn ló ń sá a. Igi òrùlé ń jẹ́ azara, ara ọ̀pẹ giginya ni wọ́n ti ń là á, ikán kì í fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n azara kúrú: bí yàrá bá ti fẹ̀ ju bíi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí méje, kò lè dé òdìkejì. Kí ni àwọn àgbà Hausa wá ṣe? Wọ́n so azara pọ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ bí òṣùmàrè láti ògiri sí ògiri, wọ́n fi amọ̀ bò ó, wọ́n sì pè é ní bakan gizo, orúkọ òṣùmàrè gan-an. Lórí ìyẹn ni òrùlé á jókòó sí. Ẹ lọ wo Gidan Makama bí ẹ bá wá sí Kano. Kò sí irin níbẹ̀, yàrá fẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí mò ń bọ̀. Ilé amọ̀ kì í gbà kí èèyàn fo ọdún kan. Bí òjò bá ti fọ ara ògiri, àfi kí wọ́n tún un rẹ́ lọ́dún náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi á ráyè wọnú, ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara rẹ̀. Nítorí ẹ̀ ni àwọn mọlémọlé ṣe ní olórí, Sarkin Magina, tó mọ ilé tó kan lọ́dún yìí, tó mọ ẹni tó lè ṣe é, tó ń kọ́ ọmọ tuntun níṣẹ́. Kò sí káàdì, kò sí fìlà funfun. Èmi a máa sọ ọ́ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé ẹgbẹ́ tiwa kọ́ ló kọ́kọ́ dé ẹkùn yìí. Babban Gwani tó kọ́ mọ́sáláṣí Zaria láyé àwọn emir àkọ́kọ́, nínú irú wọn ló ti jáde.

Mọ́sáláṣí yẹn náà, ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2023. Ìrun Alásàrí ni wọ́n ń kí lọ́wọ́ tí ògiri fi wó lé wọn lórí, èèyàn kú. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí ibi tó sán lára ògiri àtijọ́, n kì í lè kọjá kí n má dúró wò ó.

#8 ỌmọKápẹ́ńtà_Nyanya · 3:02

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ilé amọ̀ dùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ti ilé símẹ́ńtì tí à ń gbé. Èmi kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ yín. Kọ̀ǹpútà kan ni mo ní ní Nyanya, poli ni mo lọ, èmi àti irú mi là ń ya èyí tó pọ̀ jù nínú ilé tí ẹ ń rí.

Oníbàárà á wá: yàrá mẹ́ta, pálọ̀, kíṣìnì, ó fẹ́ ẹ ní ọjọ́ mẹ́ta. Màá yà á. Ọ́fíìsì tó ń gba pláànù á ní àfi kó ní òǹtẹ̀ ayàwòrán-ilé tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Màá gbé e lọ bá ọ̀gá kan, ọ̀gá á ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́, kò ní ṣí ìkejì, á ní, "Èló ló wà lọ́wọ́ ẹ?" Gbàm. Ó ti lu òǹtẹ̀. Ọ̀kan tiẹ̀ lù ú lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò, kò pa ẹ́ńjìnnì. Kò dé orí ilẹ̀ náà rí, kò mọ̀ bóyá àpáta ni tàbí àbàtà. Bí ilé yẹn bá wó, ta ló yà á? Orúkọ tèmi kò sí níbì kankan.

Ìlà mélòó ló wà fún ìyẹn nínú ìjábọ̀ ọdún yín?

#9 PPE_Ẹlẹ́ẹ̀kẹta · 3:10

Ọ̀rẹ́, ìwọ náà ń gbowó níbẹ̀ o.

#10 ỌmọKápẹ́ńtà_Nyanya · 3:12

Mo gbà. Mo ń jẹ níbẹ̀. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ ọ́n.

#11 Alábòójútó · 3:15

Ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ má sì gbé nọ́ńbà òǹtẹ̀ ẹnikẹ́ni síbí. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

#12 Bàbá_Onírúlà · 5:37 ìrọ̀lẹ́

Ọmọkùnrin Nyanya sọ òótọ́, mo sì mọ̀ pé ó ro ọ́ kó tó sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ díẹ̀, torí àwọn èèyàn máa ń dà wọ́n pọ̀ mọ́ra. Ẹgbẹ́ kò lè ti ilé pa. Ẹgbẹ́ kò lè wó ilé. Ọ́fíìsì Development Control ló ní agbára yẹn ní Abuja. ARCON ló ń tọ́jú ìwé orúkọ, òun ló lè pe ayàwòrán-ilé lẹ́jọ́, títí dórí kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀ka ẹgbẹ́ wà láàárín, ẹnu nìkan ló ní. Ṣùgbọ́n ẹnu yẹn kì í ṣe kékeré bí ó bá kọ̀wé. Ìwé ẹ̀sùn kan tó ní ọjọ́, tó ní àwòrán, tó ní àdírẹ́sì ilé, ó ju ìbẹ̀wò mẹ́wàá lọ.

Mo ti jókòó rí nínú ìgbìmọ̀ tó yẹ kó máa gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ mọ ohun tó pa wá? Kì í ṣe òfin. Ẹni tí a fẹ́ bá wí, àna ẹnì kan ni. Èkejì, òun ló ra tábìlì méjì níbi àpèjẹ. A sún ìpàdé síwájú, a tún sún un, nígbà tó yá a kò rí fáìlì mọ́.

#13 Àdìó_Jos · 8:48 alẹ́

N kò fẹ́ dá sí i tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàbá gún mi níbi kan.

Ọjọ́ kejìlá oṣù keje 2024, ilé ẹ̀kọ́ alájà méjì wó ní Busa Buji nílùú Jos níbí, kíláàsì ń lọ lọ́wọ́. Àwọn tó lé ní ogún ló kú, ọmọ iléèwé ló pọ̀ jù. Mo débẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Mi ò ní ṣàpèjúwe rẹ̀. Bàtà ni mo rántí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ náà, gbogbo ẹgbẹ́ ló ṣèpàdé: ayàwòrán-ilé, ẹnjiníà, akọ́lé, sọ̀fíyọ̀. Olúkúlùkù kọ ìwé sí ìjọba. Èmi náà bá wọn kọ. Bí mo ti ń kọ ọ́, ohun kan ń sọ sí mi létí pé: o ti wakọ̀ kọjá níwájú irú ilé bẹ́ẹ̀ nígbà mélòó, tí o rí òpó tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí o ní kò kàn ọ́? Ìwé òfin ilé kíkọ́ ti orílẹ̀-èdè wà láti 2006. Ẹni tó máa ṣí i wò kí òpó tó tẹ̀ la kò ní.

Nítorí náà Abẹ̀kẹ́, èmi máa fẹ́ kí ìjábọ̀ ọdún ní ìlà kan: ilé mélòó la lọ wò kó tó wó? Bí ìdáhùn bá jẹ́ òdo, kí o kọ òdo síbẹ̀.

Tubali, ẹ kú iṣẹ́ téèpù. Ẹ rántí pé bí kì í bá ṣe pé ẹnì kan wọn mọ́sáláṣí Zaria, a ò bá tí ní èyí tí wọ́n kọ́ jọ ọ́ sí mùsíọ́ọ̀mù ilé ìbílẹ̀ nílùú Jos. Dmochowski ará Poland ló darí iṣẹ́ yẹn, ó fi ọ̀pọ̀ ọdún rìn káàkiri orílẹ̀-èdè yìí pẹ̀lú téèpù. Àwọn ọmọ mi máa ń rò pé ilé aláàfin ni.

#14 Ìyá_Ìbejì_Lugbe · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:55 òwúrọ̀

N kò sùn dáadáa lẹ́yìn tí mo ka ti Jos. Ọlọ́run á tu àwọn òbí wọn nínú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí tèmi. A ti rólé, mo ti kó sí yàrá kan láti máa ṣọ́ ẹrù. Láti aago mẹ́ta ọ̀sán títí di òru, yàrá yẹn gbóná bí ààrò gaàrí. Mo ti ra fáànù méjì. Bíríkìlà ní kí n ra ẹ̀rọ amúlétutù, kápẹ́ńtà ní kí n gbé òrùlé sókè. Wíńdò ńláńlá mẹ́ta ló kọjú sí ibi tí oòrùn ń wọ̀, mo rò pé wíńdò ńlá ló ń mú afẹ́fẹ́ wọlé?

#15 Tubali_Kano · 7:20

Ẹ kú òwúrọ̀, ìyá wa. Wíńdò ńlá dára, ibi tí wọ́n kọjú sí ni kò dára. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń lọ sílẹ̀, kì í dúró lókè, kọ̀tẹ̀nì kò sì lè dá a dúró torí gíláàsì ti gbà á wọlé kó tó kan kọ̀tẹ̀nì. Ibi tó ga tó gùn lára ilé, àríwá àti gúúsù ló yẹ kó máa wò ní ẹkùn wa níbí, kí ẹ̀gbẹ́ tó kúrú máa gba oòrùn. Búlọ́ọ̀kù tín-ín-rín ni tiyín, kò dà bí ògiri amọ̀: ìyẹn nípọn, ó máa ń gbé ooru ọ̀sán mì, kì í pọ̀ ọ́ síta àfi lóru, nígbà tí afẹ́fẹ́ ti tutù, tí ẹni tó nilé sì ti gbé ẹní lọ síta.

Ẹ má wó nǹkan kan o. Ohun tí èmi máa ṣe: màá yọ páànù tàbí pákó síta lókè wíńdò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, màá fi àwọn pákó dídúró bo apá kan rẹ̀, màá gbin igi sí ìwọ̀-oòrùn, dogonyaro kì í pẹ́ dàgbà. Ẹ sì bi kápẹ́ńtà yín bóyá ó fi ihò afẹ́fẹ́ sílẹ̀ láàárín páànù àti sílìǹ. Ta ló ya pláànù náà fún yín?

#16 Ìyá_Ìbejì_Lugbe · 7:26

Ọmọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan ni. Nyanya ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà.

#17 PPE_Ẹlẹ́ẹ̀kẹta · 7:27

Háà.

#18 ỌmọKápẹ́ńtà_Nyanya · 8:03

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kíṣìnì wà lẹ́yìn, tí àtẹ̀gùn kékeré kan sọ̀ kalẹ̀ síbi kànga?

#19 Ìyá_Ìbejì_Lugbe · 8:05

Bẹ́ẹ̀ ni o!

#20 ỌmọKápẹ́ńtà_Nyanya · 8:31

Ẹ má bínú, mà. Èmi ni. Ẹ sọ fún mi pé ẹ fẹ́ kí ojú ilé kọ sí títì, títì sì wà ní ìwọ̀-oòrùn. Mo mọ̀ pé ó máa gbóná. N kò sọ fún yín torí ẹ ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ fẹ́ ẹ, ọjọ́ kejì la sì wà. Ọ̀gá tó lu òǹtẹ̀ kò bi mí ibi tí àríwá wà. Bí ó bá bi mí, mo lè rántí.

#21 Bàbá_Onírúlà · 9:10

Ó gba ọkùnrin kó tó sọ ìyẹn níwájú èèyàn.

Ìyá Ìbejì, níbo ní Lugbe? Èmi kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ti ra fáànù méjì. Mo lè dé ibẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé, ní nǹkan bí aago mẹ́ta, ìgbà tó ń gbóná gan-an. Ìwọ ọmọkùnrin Nyanya, wá bá mi níbẹ̀. Mú pláànù náà dání.

#22 PPE_Ẹlẹ́ẹ̀kẹta · 9:44

Bàbá kò ní sọ èyí, nítorí náà èmi máa sọ ọ́, kí wọ́n tó dá mi lẹ́kun. Ọ̀sán Sátidé ni bàbá mú; òwúrọ̀ rẹ̀ ńkọ́, kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀? Àwa ni à ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ wo bí ó ṣe rí, fún ẹni tí kò mọ̀. O ti parí M.Sc., o ti sin ilẹ̀ baba rẹ bí àgùnbánirọ̀, o ti ṣe ọdún méjì lábẹ́ ọ̀gá, ẹ sì jọ ń kọ ohun tí o ṣe sínú ìwé àkọsílẹ̀. Síbẹ̀, kò sí òǹtẹ̀ àfi tí o bá yege PPE, ìdánwò ìkẹyìn nípa bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ yìí. Mo ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe àwòrán ló bì mí ṣubú, ìwé àdéhùn ni. Ta ló ń sọ fún agbaṣẹ́ṣe pé kó dáwọ́ dúró? Ìgbà wo lo máa kọ ìwé owó, ìgbà wo lo máa dá a dúró? Ọ́fíìsì tí mo ti kọ́ṣẹ́, wọn kò mú mi lọ sípàdé sáìtì rí, kọ̀ǹpútà ni mo jókòó tì fún ọdún méjì.

Àwa mẹ́fà la máa ń lọ sí pálọ̀ bàbá ní aago mẹ́jọ Sátidé. Wọn kò ní ìwé kankan lọ́wọ́. Wọ́n á kàn ní: "Oníbàárà ti ní kí bíríkìlà yọ òpó méjì kúrò kí mọ́tò rẹ̀ lè ráyè wọlé. Ìwọ ò sí ńbẹ̀. O débẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Kí ni gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú lẹ́tà rẹ, ta lo kọ ọ́ sí, ta lo fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí?" A lè wà lórí lẹ́tà kan yẹn títí aago mọ́kànlá. Ìyá wa á wá gbé ẹ̀bà wọlé. Mẹ́ta nínú wa ti gba òǹtẹ̀ báyìí, ọ̀kan ti wà ní Minna pẹ̀lú ọ́fíìsì tirẹ̀. Kò sí ìjábọ̀ ọdún kankan tó mẹ́nu bà á rí.

#23 Akápò_Tẹ́lẹ̀rí · 12:15 ọ̀sán

Mo ti ń kà á láti àná, mo pa ẹnu mọ́. Gbogbo yín ń bú àpèjẹ. Èmi tọ́jú owó ẹ̀ka kan fún ọdún mẹ́rin, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí.

Ìdajì ọmọ ẹgbẹ́ kì í san owó ọdún àfi ní ọdún tí wọ́n bá fẹ́ dìbò tàbí tí wọ́n bá nílò ìwé ẹ̀rí pé wọn kò jẹ gbèsè. Nínú èyí tó wọlé, olú ilé ẹgbẹ́ ní tirẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó kù kò san owó ilé ọ́fíìsì wa, kò san owó ọmọbìnrin tó ń jókòó níbẹ̀, ká má tíì sọ ti dísẹ́ẹ̀lì. Tábìlì tí àwọn oníṣímẹ́ńtì àti onítáìlì ń rà níbi àpèjẹ, òun ló san án. Òun náà ló ra kíráyọ̀nù fún ìdíje àwòrán àwọn ọmọ iléèwé. Ẹ fagi lé àpèjẹ lónìí, ẹ ó máa ṣèpàdé lábẹ́ igi lọ́la.

Èmi ò sọ pé ó dára o. Bàbá ti sọ ohun tí ẹni tó ra tábìlì máa ń rà mọ́ ọn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bí ẹni pé ìrẹsì lásán ni.

#24 Abẹ̀kẹ́_Ìlá · 1:30

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé. N kò mọ ìyẹn. Mo ti pa gbólóhùn kan tí mo kọ nípa àpèjẹ rẹ́, ó ti le jù.

#25 Abẹ̀kẹ́_Ìlá · Ọjọ́bọ̀, 10:02 alẹ́

Mo ti kọ ọ́. Mo pe alága lálẹ́ àná, mo kà á sí i létí. Ó ní kí n má yọ fótò kọmíṣánnà, mo ní n kò yọ ọ́, mo kàn gbé e sí ẹ̀yìn ìwé. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Ìlà òdo yẹn, ṣé ó di dandan?"

Ẹ wo ojú ìwé àkọ́kọ́:

"Ní ọdún yìí, ẹ̀ka bẹ àwọn aláṣẹ wò nígbà méje. A kò rí i nínú àkọsílẹ̀ pé a béèrè ohun kan pàtó lọ́wọ́ wọn. A dá a lábàá pé lọ́dún tó ń bọ̀, kí ìbẹ̀wò kọ̀ọ̀kan mú ìwé kan lọ, kí akọ̀wé sì padà lọ gba èsì lẹ́yìn oṣù kan. Ilé tí ẹ̀ka lọ yẹ̀ wò kí ewu tó ṣẹlẹ̀: òdo. Ẹ̀sùn òǹtẹ̀ títà tí ẹ̀ka kọ ránṣẹ́ sí ARCON: òdo. Ọmọ ẹgbẹ́ tó ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò: a kò mọ iye wọn, torí wọn kò sọ, a kò sì bi wọ́n."

Lẹ́yìn ìyẹn ni sẹ́mínà, ìrìn oṣù kẹwàá, àpèjẹ, àti owó tó ti ibẹ̀ wọlé, èló ló jẹ́ àti ibi tó lọ. Mo fi ìmọ̀ràn kan sí i pé kí ẹ̀ka yá wa ní yàrá ọ́fíìsì ní òwúrọ̀ Sátidé méjì lóṣù: ọ̀kan fún àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò, ọ̀kan fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé pláànù rẹ̀ wá kó tó pìlẹ̀. Alága ní òun á fara mọ́ ìyẹn tí kò bá ní náni lówó. Mo ní kí wọ́n fi ẹ̀bà sílẹ̀ fún wa.

#26 Àdìó_Jos · 10:20

Má yọ òdo.

#27 Tubali_Kano · 10:41

Má yọ ọ́. Kí wọ́n bi ọ́ níbi ìpàdé. Ìbéèrè yẹn ni ìpàdé ọ̀hún.

#28 Ìyá_Ìbejì_Lugbe · Ọjọ́ Ẹtì, 7:15 òwúrọ̀

Bàbá, Sátidé ti dọ̀la o. Bí ẹ bá ti kọjá ibùdókọ̀, ẹ yà sí ọwọ́ ọ̀tún, ẹ ó rí géètì aláwọ̀ ewé tí wọn kò tíì kùn tán. Mo ti ra ẹja. Ṣé ẹ máa ń jẹ ata?

#29 Bàbá_Onírúlà · 7:50

Mo máa ń jẹ ẹ́. Ẹ má ṣe tan fáànù kankan kí n tó dé, mo fẹ́ mọ bí ooru náà ṣe rí gan-an.

#30 ỌmọKápẹ́ńtà_Nyanya · 7:58

Bàbá, ta ló máa mú téèpù wá?

#31 Bàbá_Onírúlà · 8:01

Ìwọ. Mú kọ́ńpáàsì náà wá, kí a lè jọ wá àríwá.